Kí Lẹ Fi Owó Orí Wa Ṣe?

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èrò òmìnira àti bí ìtọ́jú aráàlú ṣe di ojúṣe ìjọba. Èrò òmìnira yìí ni òyìnbó ń pè ní liberalism. Ká ní ibòmíràn ni mo ti ń sọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí n ti London bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta la wà. Ìlú yìí ni àwọn obìnrin ti béèrè ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà ààfin kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ibẹ̀ ni n óò ti mú un.

Lọ́dún 1918 ni ìjọba amúnisìn mú owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, dípò owó bodè tí ìlú ń ná tẹ́lẹ̀. Ọdún náà kò tíì parí tí ogun Adúbí fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó dìtẹ̀ hú ojú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, àwọn sójà ìjọba sì pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ. Ogun parí, owó orí kò lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ti ń gbà á. Níbí, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ aláró ní Ìtòkú, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé asanwó orí, nígbà tí ọmọkùnrin ṣì ní ọdún kan sí i. Àwọn obìnrin náà sì fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó orí a máa bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti fojú wo bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń sanwó. Mo mọ̀ pé ó dunni láti gbọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ohun tó mú ìyá arúgbó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ sùn sí ìta gbangba.

Láti ọdún 1932 ni ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó olùkọ́ àti ti àlùfáà kan ti wà nílùú yìí, tí Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ìyá aláta. Ní nǹkan bí ọdún 1944, ọ̀rọ̀ dé etí Màmá pé obìnrin ọlọ́jà kan ń fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n dá kíláàsì sílẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ń wá, wọ́n ń kọ́ a, b, d, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti ènìyàn nírọ̀lẹ́ kò ní sọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì wọn lọ́jà nítorí ogun Hitler, tí wọn kò san owó gidi fún wọn. Àwọn obìnrin tó ti kàwé kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójúlé kejì nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà ti yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé. Màmá pa gáànù tì, ó gbé ìró àti bùbá wọ̀, kí ìyá tó bá jókòó tì í má bàa rò pé ọ̀gá òun ni. Béère ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà béèrè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní kí a fagi lé owó orí obìnrin. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè lọ ni kí a gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí a fi owó ìlú ṣe ọ̀nà, kí a fi ṣe ìmọ́tótó, kí a fi kọ́ ọmọ níwèé. Wọ́n sì ní kí agbára ìjọba ìbílẹ̀ kúrò lórí ẹnì kan ṣoṣo, kí ìgbìmọ̀ tí aráàlú yàn gbà á, kí obìnrin sì jókòó nínú rẹ̀.

Bí a bá ń pa ìtàn yìí lónìí, a máa ń sọ pé àwọn obìnrin lé ọba kúrò lórí ìtẹ́, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ń pa á yẹn ń dùn mí. Ó sọ ọ̀rọ̀ ńlá di ìjà. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n béèrè. Ìdajì rẹ̀ ni òmìnira: ẹ má ṣe mú wa sanwó láìgbọ́ ohùn wa. Ìdajì kejì ni ìtọ́jú: ẹ fi owó náà tún ayé wa ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ni àwọn onímọ̀ ti kọ láti fi bèèrè bóyá méjèèjì lè gbé inú ilé kan náà. Àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ààfin Aké kò rò pé ilé méjì ni rárá. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá lẹ́nu nílé ìṣirò kò ní rí omi nílé ìdáná. Kò sì jọ wọ́n lójú pé kí obìnrin ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú, nítorí pé láti ọdún 1864 ni Ẹ̀gbá ti fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tú jáde lọ sí ààfin. Wọ́n sùn síbẹ̀, ọjà sì dá. Wọ́n padà lọ nínú oṣù kejìlá. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948 ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò ní Abẹ́òkúta. Kábíyèsí padà wálé nínú oṣù kejìlá ọdún 1950, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1962. Èmi kì í di gbogbo ẹrù náà lé orí rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ló gbé agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́ kí ó lè rọrùn fún un láti dá a lẹ́bi. Owó orí obìnrin dópin lọ́dún 1948, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀, Béère wà lára wọn.

Nínú oṣù keje ọdún 1948 kan náà, ní ọjọ́ karùn-ún, ni ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtìkó. Ọjọ́ 24 péré ló wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ti ọ̀hún gbà dé ibẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé èrò òmìnira kalẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó gbà pé ìjọba gan-an ni ọ̀tá. Kí ó yẹra fún ọjà, kí ó yẹra fún ẹ̀sìn àti ìwé ìròyìn, kí oníkálukú wá ọ̀nà ara rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Òun ló jẹ́ kí a lè dúró báyìí kí a máa sọ̀rọ̀ láìsí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ọmọdé ń ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, àgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ń kú sí ilé àwọn aláìní, wọ́n sì ń sọ pé òmìnira náà nìyẹn. T. H. Green, olùkọ́ ní Oxford, sọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún 1881 pé kò tó kí wọ́n má dè ọ́ lókùn: òmìnira ni kí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ láti ṣe ohun tó yẹ ọmọ ènìyàn. L. T. Hobhouse mú un síwájú nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1911. Nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal ti wà lórí àlééfà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1909 ni wọ́n ti ń fún àgbà aláìní tó ti pé ọdún 70 ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́dún yẹn náà, Lloyd George, mínísítà ìṣúná wọn, bu owó orí lé àwọn olówó àti onílẹ̀ kí owó lè wà fún un. Ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá kọ̀ ọ́, ìbò ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dì lọ́dún 1910 kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Òfin ìbánigbófò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1911 ló wù mí jù láti ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọlọ́jà. Òṣìṣẹ́ ń dá kọ́bọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi mẹ́ta kún un, ìjọba ń fi méjì sí i. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, inú owó náà ni wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ ó sọ pé àjọ ni. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ jù mí lọ. Nínú àjọ, owó rẹ ló ń padà bọ̀ sọ́wọ́ rẹ. Nínú èyí, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò kan òun.

Ìjọba tó ń sanwó fún ìyá arúgbó ní Manchester lọ́dún 1909 náà ló dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1918 tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyá aláró. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ilẹ̀ amúnisìn kọ̀ọ̀kan máa bọ́ ara rẹ̀. Òmìnira tí wọ́n kọ sínú ìwé nílé kò bá wọn wọkọ̀ ojú omi.

Ẹ gbà mí láyè kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, nítorí pé Green kò kọ́ Ẹ̀gbá ní ohun tí ojú wọn kò tíì rí. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ ìlú yìí dó lábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Nígbà tó yá, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó sí Freetown. Àjàyí Crowther wà lára wọn. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣoògùn, ó sì di òmìnira lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n ọdún 1846, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún bíi mẹ́rìnlélógún kọjá láàárín ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ àti ọjọ́ tó di ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Sàró tó bá dé ìlú yìí a máa bá àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀ tó ti tú, a bá ẹbí níbẹ̀, a sì rí ilẹ̀ tó lè kọ́lé sí. Àwọn ará ilé mọ̀ pé títú tí wọ́n tú ènìyàn sílẹ̀ kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé.

Ọmọ ìlú kan náà sì tún mọ òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 1914, Ìjọba Ẹ̀gbá, tí àdéhùn ọdún 1893 gbà pé ó dá dúró, ń la ọ̀nà káàkiri. Ọ̀nà jẹ́ ìdàgbàsókè, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ tipátipá ni wọ́n fi ń kó ènìyàn lọ ṣe iṣẹ́ náà láìsanwó. Bàbá àgbà kan ní Ìjẹmọ̀, Pónládé, fẹ̀hónú hàn. Wọ́n tì í mọ́lé, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Nígbà tí àwọn ará Ìjẹmọ̀ jáde nínú oṣù kẹjọ, ìbọn sójà ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Lugard, gómìnà àgbà ìjọba amúnisìn, gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ọ̀nà náà wúlò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ Pónládé.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan tó kàwé ní Baptist Boys' High School, tó sì ṣe tíṣà díẹ̀ nílùú yìí, ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn fi rí i. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí òyìnbó ń pè ní Action Group, so òmìnira àti ìgbé ayé ọ̀pọ̀ yanturu pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Lọ́dún 1952, Olóyè Stephen Awókòyà gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀. Owó àkànṣe ni wọ́n ní kí aráàlú san fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Aráàlú bínú. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC mú àga 23 nínú 42 ní ìwọ̀-oòrùn, Afẹ́nifẹ́re sì mú 18. Olóṣèlú mìíràn ì bá ti sá padà. Wọ́n kò sá. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn. Ọmọ 456,600 ló wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Lọ́dún yẹn wọ́n di 811,432. Nígbà tí ìbò ẹkùn dé lọ́dún 1956, Afẹ́nifẹ́re mú àga 48 nínú 80. Èmi kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló fà á. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n bèèrè owó lọ́wọ́ ènìyàn, ènìyàn fi ìbò sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, wọ́n fi owó náà ṣe ohun tí ó lè fojú rí, wọ́n sì tún padà wá síwájú rẹ̀ kí ó ṣèdájọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí kò jìnnà síbí. Àrò ni. Bí a bá ń wá ibi tí òmìnira kì í wọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń dè é nílé oníṣègùn, àhámọ́ sì ni ìjọba amúnisìn ní fún un. Ní Lántòrò lọ́dún 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibi ìtọ́jú irú wọn. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí, padà dé láti ìlú òyìnbó. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ ní Àrò kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó dúró de bíríkì. Lambo lọ bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí i ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ẹbí rẹ̀ kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú, nírọ̀lẹ́ wọn a padà sí abúlé, wọn a bá àwọn ará abúlé ṣe oko, wọn a bá wọn jókòó níbi àpèjẹ. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, omi àti ìmọ́tótó sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Lambo ké sí àwọn babaláwo àti oníṣègùn náà láti bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀nà yìí di ohun tí àwọn dókítà láti ilẹ̀ mìíràn ń wá wò, Lambo sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 títí di 1988. Ohun tó wà ní ọkàn mi nípa Àrò ni ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà lọ láàárọ̀ tó sì ń gbà bọ̀ nírọ̀lẹ́, lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọn kò gba ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Béère, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Kò kọ́kọ́ kọ́ ilé ìwòsàn gogoro. Ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mú ṣe: abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọdé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, nọ́ọ̀sì níjọba ìbílẹ̀. Abẹ́ ìjọba ológun ló ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè fi èyí pa mọ́. Iṣẹ́ rere náà dúró lórí ẹni rere tó wà lórí àga. Nígbà tí ó kúrò, kò sí àgbàlá tí ìyá kankan lè lọ jókòó sí láti béèrè ìdí tí abẹ́rẹ́ fi tán.

Ẹ wo ibi tí a dé. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n kéde bílíọ̀nù 5 náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra oúnjẹ ìrànwọ́; apá kan rẹ̀ ẹ̀bùn, apá kan rẹ̀ gbèsè. Ìrẹsì dé. Èmi kò bú ẹni tó gbà á, ebi kì í gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí a tò fún lóòrùn kì í ní ìwé ìṣirò. Ẹni tí wọ́n fún kò lè bèèrè iye àpò tó kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọrẹ ni, ẹni tó bá sì gba ọrẹ yóò dúpẹ́. Àwọn ìyá ọdún 1947 kò tò fún ohunkóhun. Wọ́n ti sanwó, ohun tó jẹ́ tiwọn ni wọ́n wá gbà.

Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Láti ọdún 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì sì ti wà fún ẹni tí kò ní ọ̀gá, oníṣòwò, télọ̀, ọlọ́kadà. Ètò méjèèjì dára. Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ̀yin ọlọ́jà tó wà níbí, tí ẹ bá wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Mo ti rí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó àìsàn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan ní kí a kọ́kọ́ sanwó ìdúró kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ àjọ rẹ̀ ló gbé owó wá lálẹ́ yẹn, nínú àpò ọ̀rá, owó wẹ́wẹ́ tó ń rùn bí ẹja. Ó wà láàyè. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ló dé tí obìnrin mẹ́rìnlá fi lè kó owó jọ láàárín wákàtí méjì, tí ìjọba pẹ̀lú òfin lọ́wọ́ kò sì lè ṣe é.

Mo rò pé mo mọ ìdáhùn. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá yẹn mọ ibi tí owó wọn wà. Bí alájọ wọn bá fẹ́ sọ ìtàn, wọ́n mọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyí. Kí ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa gba owó ọlọ́jà bí alájọ ṣe ń gbà á, díẹ̀díẹ̀, ní ìsọ̀ rẹ̀, kí ìjọba sì fi tirẹ̀ kún un bí òfin ọdún 1911 ṣe ṣe. Kí àwọn tí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn yàn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà, ó kéré tán mẹ́rin, iye tó wọ ìgbìmọ̀ lọ́dún 1948. Kí wọ́n sì ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ aráyé ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ní Ìtòkú, ní Kútọ̀ àti ní Láfẹ́nwá, lọ́jọ́ ọjà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè nawọ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Mo dúró fún ìbéèrè báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.